Edé odò gbé ẹyin, ẹyin pa, àmọ́ ọmọ ò dúró: kí ló ń ṣẹlẹ̀?

Akẹ́ja Ìjẹ̀bú:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi.

Ẹja àrọ̀ ni mo ń sìn ní Ìjẹ̀bú-Òde. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí òjò ń rọ̀ gan-an, mo ra edé odò láàyè lọ́wọ́ àwọn apẹja Ẹ̀pẹ́, àwọn ńláńlá tí apá akọ wọn gùn ju ara rẹ̀ lọ wọ̀nyẹn. Mo kó wọn sínú táǹkì kóńkéré kan tó ṣófo. Mo ju páìpù àti imọ̀ ọ̀pẹ sí i kí wọ́n lè rí ibi sá pamọ́ sí, ẹ̀rọ sì ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi tọ̀sán-tòru. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń bọ́ ìkarawun, ara wọn dá ṣáṣá.

Àwọn abo ń gbé ẹyin. Ó máa ń kún abẹ́ ìrù wọn bámúbámú, aláwọ̀ ọsàn ni. Tó bá tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹyin á dúdú, á sì tán lábẹ́ ìrù. Lóru, tí mo bá tan tọ́ọ̀ṣì sínú omi, mo máa ń rí àwọn nǹkan tíntìntín tí wọ́n ń rọ́ wá síbi ìmọ́lẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, gbogbo wọn á ti pòórá. Kò sí ẹja kankan nínú táǹkì náà tó lè jẹ wọ́n. Ìyá ò kú, bàbá ò kú, àwọn ọmọ nìkan ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ bí ẹyin edé ṣe ń di edé, kó bá mi tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ mọ ọ̀nà rẹ̀ dáadáa, torí iṣẹ́ yìí wù mí.


Bàbá Epìyà:

Àwọn àgbà edé ló ń jẹ wọ́n. Edé kì í mọ ọmọ tirẹ̀ yàtọ̀, pàápàá tí ebi bá ń pa á. Gbé abo tó bá ti lẹ́yin lọ sínú omi mìíràn.


Akẹ́ja Ìjẹ̀bú:

Ẹ ṣeun, bàbá. Mo gbé ọ̀kan lọ sínú agbada ńlá lóun nìkan. Nígbà tí ẹyin pa, mo yọ ìyá kúrò, mo fi àwọn ọmọ sílẹ̀. Wọ́n ṣì kú.


Ìyá Ẹlẹ́dé:

Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú. Ti jíjẹ tí Bàbá Epìyà wí yẹn, òótọ́ ni, edé ń jẹ ara wọn. Ṣùgbọ́n tí o bá ti yọ ìyá kúrò tí wọ́n ṣì ń kú, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ iyọ̀ ló kù. Omi tí o fi ń sìn wọ́n dára fún ìyá àti bàbá. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin kò lè gbé inú omi tí kò níyọ̀ ju ọjọ́ díẹ̀ lọ.

Etí ọ̀sà ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń dẹ ìgèrè, èmi àti ìyá mi là ń gbé edé lọ Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Nígbà tó yá, mo ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń pa ọmọ edé fún àwọn tó fẹ́ sìn ín, ibẹ̀ ni mo ti ń fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ẹyin yìí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mi ò lè rí abo ẹlẹ́yin lórí àtẹ kí n má tẹ̀ ba wò ó. Nítorí náà, fara balẹ̀ kà á. Tí o bá ti lè wo ẹyin kí o sì mọ ọjọ́ orí rẹ̀, ìdajì iṣẹ́ ti parí.

Inú orí ni ẹyin edé ti ń bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ ìrù tí gbogbo ènìyàn ń wò yẹn, ibi tó ń gbé e sí lẹ́yìn tó bá ti yé e ni. Mú abo kan sápá ibi tí oòrùn ti ń wọlé, kí o wò ó láti òkè, níbi tí orí àti àyà rẹ̀ ti pa pọ̀ sábẹ́ ìkarawun kan ṣoṣo. Ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ojú ń là á kọjá. Abo tí kò tíì múra sílẹ̀, oúnjẹ inú ikùn rẹ̀ nìkan ni wàá rí tó dúdú. Tí ẹyin bá ti ń gbó nínú rẹ̀, àwọ̀ ọsàn á máa gba ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi fẹ́ẹ̀ bo gbogbo rẹ̀, á sì wọ ibi tí ìrù ti bẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ tí ọmọ máa jẹ nínú ẹyin ló ń kó jọ síbẹ̀ yẹn, inú ẹ̀dọ̀ ìyá ni púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ti ń wá. Abo tí kò bá jẹ ohun tó dára, ẹyin rẹ̀ kì í nípọn. Fọ́ ìṣáwùrú fún un, gé ẹja wẹ́wẹ́ sí i, má fi oúnjẹ ẹja àrọ̀ nìkan bọ́ ọ.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó jọ mí lójú. Ojú edé ló ń ṣe àkóso ẹyin rẹ̀. Nínú ọ̀pá kékeré tí ẹyinjú rẹ̀ jókòó lé, oje kan ń ti ibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀, oje náà ló sì ń dá ẹyin dúró kó má tètè gbó. Àwọn tó ń sìn edé òkun ńlá ní Éṣíà mọ èyí, ìyẹn ni wọ́n ṣe máa ń gé ojú kan lára abo kó lè tètè yé. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Edé odò kò nílò irú ìyà bẹ́ẹ̀: tí omi bá wà ní nǹkan bíi dígíríì 28, tí oúnjẹ tó, tí ariwo ò pọ̀, ẹyin á gbó fúnra rẹ̀.

Tó bá ti gbó, abo á bọ́ ìkarawun. Bíbọ́ yìí yàtọ̀ sí èyí tó ń bọ́ kó lè dàgbà, torí òun ló ń ṣí ọ̀nà fún akọ. Ara abo á rọ̀, kò lè jà, kò sì lè sá. Akọ á dúró lé e lórí, á na apá gígùn rẹ̀ méjèèjì yí i ká kí ẹlòmíràn má baà fọwọ́ kàn án. Láàárín wákàtí díẹ̀ sí ìgbà tó bọ́, wọ́n á gùn, kì í sì í pẹ́. Akọ kò da àtọ̀ sínú abo o. Ó máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà rẹ̀ níta, láàárín àwọn ẹsẹ̀ tó fi ń rìn, ó funfun, ó sì dì pọ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, abo á ká ìrù wá síwájú, á yé, ẹyin á gba ara àtọ̀ yẹn kọjá, á sì lọ lẹ̀ mọ́ irun àwọn ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ abẹ́ ìrù rẹ̀. Ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ yìí wà ní méjìméjì lọ́nà márùn-ún. Ọ̀nà mẹ́rin àkọ́kọ́ ló ń gbé ẹyin.

Bí kò bá sí akọ, abo á ṣì yé, ṣùgbọ́n ẹyin yẹn kò ní dúró. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta á ti máa já bọ́. Èyí tìrẹ tó dúró títí tó fi dúdú, ọlẹ̀ wà nínú rẹ̀ dájúdájú. Akọ rẹ ń ṣiṣẹ́.

Wàyí o, àwọ̀. Ẹyin tuntun jẹ́ àwọ̀ ọsàn tó ń tàn, kò tó mìlímítà kan. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ọmọ inú rẹ̀ ń jẹ oúnjẹ tí ìyá dì fún un, àwọ̀ ọsàn á sì máa ṣá. Nígbà tó bá yá, wàá rí àmì dúdú méjì. Ojú ni. Lábẹ́ awò, wàá tún rí ọkàn rẹ̀ tó ń lù kíkankíkan nínú ẹyin tí kò tíì pa. Tó bá ku ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kó pa, gbogbo ẹyin á ti di aláwọ̀ eérú tó fẹ́ dúdú, torí oúnjẹ ti tán, ojú àti ara ọmọ lo kàn ń rí. Edé ńlá ti Éṣíà tí wọ́n ń sìn káàkiri ayé, Macrobrachium rosenbergii, máa ń gbé ẹyin fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́. Ìbátan rẹ̀ ni tiwa, Macrobrachium vollenhovenii, tó wà láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Àǹgólà. Bó ṣe ń ṣe ẹyin ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Ní gbogbo ọjọ́ yẹn, ìyá kì í sinmi. Ó ń ju ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ náà síwá-sẹ́yìn bí ẹni ń fẹ́ iná, kí omi tuntun lè máa gba àárín ẹyin kọjá. Ó ní ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó lẹ́nu ṣóṣóró níwájú, ó ń fi ṣa ìdọ̀tí àti ẹyin tó ti kú dànù, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí o bá ń gbé e jáde nínú omi lójoojúmọ́ láti wò ó, ńṣe ni ẹyin á máa já. Fi í sínú gíláàsì, kí o sì máa wò ó láti ẹ̀gbẹ́.

Bó sì ti ń gbé èyí lábẹ́, òmíràn ti ń gbó nínú orí rẹ̀! Abo rosenbergii lè yé lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan. Abo tó ti dàgbà dáadáa nínú wọn lè gbé ẹyin 80,000 sí 100,000 lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, 5,000 sí 20,000 ni.

Ó ku iyọ̀. Nínú odò, abo ẹlẹ́yin kì í jókòó sókè odò. Ó ń bá ìṣàn omi sọ̀ kalẹ̀ títí á fi dé ibi tí omi odò àti omi òkun ti ń dàpọ̀. Odò Ògùn, odò Ọ̀ṣun, inú ọ̀sà ni wọ́n ń dà sí. Ọ̀sà wa sì ń bọ́ sí òkun ní Èkó. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń rí iyọ̀ tó fẹ́. Tí wọ́n bá ti gbó díẹ̀, wọ́n á tún forí lé òkè odò padà. Ní Málẹ́ṣíà, ọ̀gbẹ́ni Shao-Wen Ling, tó ń bá FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ṣiṣẹ́, ló rí àrídájú èyí ní 1961. Kó tó dìgbà náà, ọmọ edé kì í là á já lọ́wọ́ àwọn tó ń gbìyànjú, bíi ti inú táǹkì tìrẹ gan-an. Láti 1965 lọ, Takuji Fujimura àtàwọn èèyàn rẹ̀ ní Hawaii fi edé tí wọ́n kó wá láti Málẹ́ṣíà bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọmọ lọ́pọ̀ yanturu.

Má ro pé gbogbo edé ló ń ṣe báyìí ṣá o. Edé òkun ńlá, irú èyí tí wọ́n ń gé lójú yẹn, kì í gbé ẹyin rárá. Inú omi òkun ló ń tú u dà sí, kí ọjọ́ kejì tó pé ó ti pa, àwọn ọmọ rẹ̀ ló wá ń wọ inú ọ̀sà wá dàgbà. Òdìkejì ti edé odò gan-an ni.


Akẹ́ja Ìjẹ̀bú:

Màmá, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á máa bá yín ṣe é. Mo ti lọ gbé abo kan sójú oòrùn, mo sì rí àwọ̀ ọsàn náà lẹ́yìn orí rẹ̀! Ẹyin aláwọ̀ eérú tún wà lábẹ́ ìrù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹ ṣe wí gẹ́lẹ́.

Ìbéèrè méjì, ẹ má bínú. Ṣé mo lè da iyọ̀ ìsebẹ̀ sínú táǹkì wọn? Kí ni mo sì máa fún àwọn ọmọ jẹ?


Ìyá Ẹlẹ́dé:

Má da nǹkan kan sínú táǹkì àwọn àgbà. Jẹ́ kí wọ́n wà nínú omi wọn. Èyí tí ẹyin rẹ̀ bá ti di aláwọ̀ eérú nìkan ni kí o gbé lọ sínú omi tó ní iyọ̀ díẹ̀, kó lọ pa ọmọ síbẹ̀. Òru ni wọ́n sábà máa ń pa. Ìyá á máa gbọn ẹsẹ̀ abẹ́ ìrù, àwọn ọmọ á sì máa tú jáde yẹ́ẹ́. Lówùúrọ̀, gbé ìyá padà.

Iyọ̀ ìsebẹ̀ nìkan ò tó. Ohun tó wà nínú omi òkun ju iyọ̀ tí a fi ń sebẹ̀ lọ: kálísíọ́mù wà níbẹ̀, magnẹ́síọ́mù wà níbẹ̀, ọmọ edé sì nílò wọn láti fi kọ́ ìkarawun. Àwọn àgbà tí mo bá ṣiṣẹ́ máa ń lọ bu omi òkun gan-an ni, níbi tó jìnnà sí ẹnu gọ́tà àti ibi tí ọkọ̀ ti ń da epo sílẹ̀. Wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fi kílórínì pa kòkòrò inú rẹ̀, wọ́n á wá jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ kílórínì náà lọ tán pátápátá kí wọ́n tó lò ó. Lítà omi òkun kan ní iyọ̀ tó gíráàmù 35. Ohun tí wọ́n ń lò fún ọmọ rosenbergii jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 12 nínú lítà kan. Tí o bá da ìwọ̀n omi òkun kan pọ̀ mọ́ ìwọ̀n omi tí kò níyọ̀ méjì, o ti fẹ́ẹ̀ débẹ̀. Ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iyọ̀, má fi ahọ́n tọ́ ọ wò.

Ti oúnjẹ: ní ọjọ́ àkọ́kọ́ wọn kì í jẹun, oúnjẹ inú ẹyin ṣì kù lára wọn. Lẹ́yìn náà, ohun abẹ̀mí tó ń rìn nínú omi ni wọ́n ń fẹ́. Ẹyin Artemia, ẹ̀dá tíntìntín inú omi oníyọ̀ tó jọ edé, máa ń wà nínú agolo lọ́jà àwọn olóko ẹja. Dà á sínú omi oníyọ̀, fẹ́ atẹ́gùn sí i, kó tó di bíi wákàtí 24 ọmọ rẹ̀ á ti jáde, òun ni kí o fún wọn. Tí wọ́n bá ti dàgbà díẹ̀, po ẹyin adìẹ pọ̀ mọ́ mílíìkì, sè é kó dì, kí o fi asẹ́ rin ín wẹ́wẹ́ sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni o. Oúnjẹ tó bá ṣẹ́kù á bàjẹ́, á sì ba omi jẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ jáde lójoojúmọ́, kí o fi omi tí iyọ̀ rẹ̀ bára mu dípò rẹ̀.


Ọmọ Màílándì:

Ẹ kú ìjókòó o. Màmá, ọ̀rọ̀ yín dùn mọ́ mi torí ní Maryland níbí, ní Amẹ́ríkà, akàn làwọn èèyàn ń bá kiri, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe ń rìn. Abo akàn Chesapeake, omi ńlá wa tó ń bọ́ sí òkun, ń gùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀, nígbà tó bá bọ́ ìkarawun tó kẹ́yìn. Ó máa ń tọ́jú àtọ̀ yẹn pamọ́ sínú ara, ó sì ń fi í yé lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Akọ á gbé e sábẹ́ ara rẹ̀ títí ìkarawun á fi le. Lẹ́yìn ìyẹn, akọ á dúró sápá òkè, abo á dá rin ìrìn rẹ̀ lọ sí ẹnu omi ní Virginia níbi tí iyọ̀ pọ̀ sí. Ẹyin rẹ̀ lè tó mílíọ̀nù méjì lẹ́ẹ̀kan. Ní Maryland, òfin ò gbà kí a mú abo tó gbé ẹyin síta. Tó bá kó sínú pàkúté, omi ni wàá dá a padà sí.

Ṣé akàn wa nílé náà ń ṣe bẹ́ẹ̀?


Ìyá Ẹlẹ́dé:

Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Akàn ọ̀sà wa, Callinectes amnicola, ìbátan ti ọ̀dọ̀ yín ni. Dojú rẹ̀ délẹ̀ kí o wo ìdérí abẹ́ ikùn rẹ̀. Ti akọ tẹ́ẹ́rẹ́, ti abo tí kò tíì bàlágà ní igun mẹ́ta, ti abo tó ti bàlágà gbòòrò, ó sì rí roboto. Abẹ́ ìdérí gbòòrò yẹn ló ń kó ẹyin sí. Àwọ̀ ọsàn ló ń bẹ̀rẹ̀, dúdú ló ń parí sí.

Inú mi dùn sí òfin tí ẹ sọ yẹn. Lọ́jà wa, edé ẹlẹ́yin làwọn oníbàárà ń kọ́kọ́ nawọ́ sí, torí ẹyin náà dùn lọ́bẹ̀. Mo mọ̀ pé ó dùn. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹyin rẹ̀ ti di aláwọ̀ eérú, ọjọ́ díẹ̀ péré ló kù kó tú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ sínú ọ̀sà. Mo ti bá àwọn apẹja tí mo ń rà lọ́wọ́ wọn sọ ọ́: èyí tó bá ti dúdú lábẹ́, ẹ dá a padà látinú ọkọ̀, ẹ má gbé e wá fún mi, mi ò ní rà á. Àwọn kan ń ṣe é. Àwọn mìíràn sọ pé tí àwọn bá sọ ọ́ sómi, ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn á tún mú un. Mi ò ní yé sọ ọ́.


Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta:

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un, torí ó kan iṣẹ́ wa. Nígbà tí wọ́n kọ́ ìdídò (dáàmù) Diama sẹ́nu odò Sẹ̀nẹ̀gà, tí wọ́n parí rẹ̀ ní 1986, ó dí ọ̀nà mọ́ edé tí Màmá ń sọ yìí gan-an, vollenhovenii. Abo ò rọ́nà sọ̀ kalẹ̀ sínú iyọ̀, ọmọ ò rọ́nà gòkè. Edé tán lókè odò. Edé yìí ló sì ń jẹ ìgbín omi kéékèèké tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá. Iyọ̀ tí ìdídò náà lé kúrò nínú omi tún jẹ́ kí ìgbín yẹn máa pọ̀ sí i, àìsàn náà sì gbalẹ̀ kan láàárín àwọn ará etí odò. Àwọn onímọ̀ kó edé padà sínú ibi tí wọ́n fi àwọ̀n yí ká nínú omi ní abúlé Lampsar, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2015: ìgbín tó ní kòkòrò dín kù níbẹ̀, àwọn èèyàn tó tún kó àìsàn náà sì dín kù.

Àwa tí a ń tọ́jú àwọn ará etí ìdídò Ọ̀yán mọ ohun tí àtọ̀sí ajá ń fojú ọmọdé rí. Ọmọ á máa tọ ẹ̀jẹ̀, ó sì lè má sọ fún ẹnikẹ́ni.


Ìyá Ẹlẹ́dé:

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo mọ̀ pé edé ń jẹ ìgbín omi, ojú mi ló ṣe. Pé ó lè gba ọmọ ènìyàn lọ́wọ́ àìsàn, ẹ̀yin lẹ fi èyí kún ìmọ̀ mi. Ẹni bá fẹ́ kọ́ ìdídò, ó yẹ kó ṣe àtẹ̀gùn omi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún wọn. Ọmọ edé mọ gíga gùn. Tí òkúta bá ti tutù tí omi ń ṣàn lé e, á rá gòkè.


Akẹ́ja Ìjẹ̀bú:

Màmá, ìbéèrè mi tó kẹ́yìn. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ọmọ ti tó kó kúrò nínú omi oníyọ̀?


Ìyá Ẹlẹ́dé:

Bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ ni kí o máa wò. Nígbà tí wọ́n bá jáde nínú ẹyin, wọn kì í tó mìlímítà méjì. Ikùn wọn ló máa ń wà lókè, ìrù ni wọ́n fi ń ṣáájú, wọn kì í sì í balẹ̀. Ti rosenbergii máa ń gba ìpele 11 kọjá, ó ń bọ́ ara rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí márùn-ún, bí omi bá ṣe gbóná sí. Gbogbo wọn ò ní dàgbà lọ́jọ́ kan náà, má jẹ́ kíyẹn já ọ láyà.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, wàá rí i tí àwọn kan ti yí padà: ikùn ti wà nísàlẹ̀, orí ló ń ṣáájú, wọ́n ń rìn nílẹ̀, wọ́n sì ń di ara ògiri mú. Wọ́n á ti tó mìlímítà méje tàbí mẹ́jọ. Wọ́n ti di edé. Ìgbà yẹn ni kí o bẹ̀rẹ̀ sí í da omi tí kò níyọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́, títí iyọ̀ á fi tán. Má gbé wọn sọ sínú omi tí kò níyọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kó àwọ̀n tó kákò àti imọ̀ ọ̀pẹ sí i fún wọn kí wọ́n rí ibi dì mọ́, torí láti ọjọ́ yẹn lọ ni wọ́n á ti máa jẹ ara wọn. Bo ẹnu táǹkì náà dáadáa, kí o sì fi àwọ̀n dí ẹnu páìpù tí omi ń gbà wọlé. Òkè ni gbogbo wọn á máa wá lọ.